Ìwé Ìjọba Tí Kò Lámì Ohùn

Mo rántí ìgbà tí ìjọba tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga, tí ó ń wá ọ̀rẹ́ kiri gbogbo ayé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ kò sinmi rárá; bí wọ́n ti ń ti ìlú òyìnbó dé ni wọ́n ń forí lé ilẹ̀ Lárúbáwá. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń sọ pé orílẹ̀-èdè wa ti yí padà, pé aládùúgbò rere ni a ó máa jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ará ilé náà gbọ́ ohun tí àwọn ń bá ará ìta sọ, nítorí náà wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ní èdè abínibí. Èmi ni mo máa ń ka ti Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Bí mo bá fẹ́ ra tòmátì lọ́jà, n ó máa nájà lọ títí, kì í ṣe torí owó, bí kò ṣe kí ẹni tó ń tà á lè gbọ́ ohùn mi dáadáa, kó béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń ka ìròyìn?" Àwọn ìwé tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ kì í ní àmì ohùn, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Òfin olóòtú wa ni pé a gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ kí a tó wọ yàrá ìkàròyìn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èmi gbà pé àwọn tí kò gbọ́ èdè dáadáa ló nílò pẹ́ńsùlù.

Nígbà tó yá, ìjọba tuntun náà àti orílẹ̀-èdè kan tó múlé gbè wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ ẹnì kejì. Ohun tí a ṣáà ń gbọ́ ni pé ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ń kọjá, pé àwọn ará Ìjù rí wọn, pé àwọn ará Ìpogun náà rí wọn. Àyà tọmọdé tàgbà ń já. Tèmi tún le sí i, nítorí àǹtí mi kan wà ní Oǹdó, àbúrò bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní orílẹ̀-èdè tí a ń bá fa ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ ló fẹ́ ọkọ sí, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi yìí ni mo gbé dàgbà, orí ẹní kan náà sì ni èmi àti ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, olóòtú wa ti lọ síbi ìsìnkú kan ní Ìjù. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, ìwé ìjọba dé. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo jókòó sídìí gbohùngbohùn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ rèé: "A o ba won ja. A o ti bode. Ki awon eniyan wa ti won wa lohun-un mo eyi daju." Pẹ́ńsùlù wà lórí tábìlì, n kò fọwọ́ kàn án. Ohun tí gbogbo ìlú ti ń sọ sí mi létí láti ọ̀sẹ̀ kan ni ojú mi kà. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "A ó bá wọn jà. A ó ti bodè." Mo tilẹ̀ dánu dúró díẹ̀ láàárín méjèèjì kí ó lè wọ̀ wọ́n létí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

N kò tíì dìde tí fóònù fi dún. Olóòtú wa ni, inú mọ́tò ló ti gbọ́ mi, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú.

"Ta ló ní kí o dá ogun sílẹ̀?" Ó ń kígbe. "A ò bá wọn jà ni wọ́n kọ! A ò ti bodè! Wọ́n fẹ́ kí ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ ni!"

Mo wo ìwé náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju "o" kan ṣoṣo lọ: bó bá gòkè, ogun ni, bó bá sọ̀ kalẹ̀, àlàáfíà ni. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, tajú wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, máa lọ ulé." Ṣùgbọ́n níbo ni mo fẹ́ gbà? Ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró níta, mo rò pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló dé. Ní aago méjì, wọ́n ní kí ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tọ́. Ó kà á bí ìròyìn tuntun. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe.

Bó ti kà á tán ni àǹtí mi pè.

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo ní kó gbọ́mọ pọ̀n kó máa bọ̀ kí wọ́n tó ti bodè. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, mo ní kó má dúró dè é. Ká ní ẹlòmíràn ló ka ìròyìn yẹn ni, ǹ bá kọ́kọ́ béèrè. Ohùn rẹ ni mo gbọ́."

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ní, "Ẹ pè é padà, mà. Wọ́n ti yí i padà." Mo ní wọ́n. N kò ní èmi. Ó pè é títí, nọ́ńbà náà kò wọlé mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó ti àǹtí mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó se iṣu, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Àlùfáà ìjọ wá, ó gbàdúrà, mo ṣe àmín ju ẹnikẹ́ni lọ. Aládùúgbò kan ń sọ nípa àwọn ajínigbé tó wà lójú ọ̀nà ìgbẹ́, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé kí n fọwọ́ dí i. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni mo dìde láti jẹ́wọ́, ọgọ́rùn-ún ìgbà ni mo bá ara mi nídìí kànga níbi tí n kò ti fẹ́ pọnmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Ọmọ àǹtí mi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Torí ó gbà pé wọ́n ti ti bodè, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà. Alùpùpù tó gbé wọn ṣubú sínú odò. Ó ní ọwọ́ méjèèjì lòun fi gbé ọmọ sókè nígbà tí omi ń gbé báàgì àti fóònù òun lọ. Bó ti ń sọ ọ́, mo di apá àga mú.

Ọmọ yè, ìyá yè, ṣùgbọ́n ilé ọkọ kò yè. Ọkọ dé, ó bá ilé ní òfìfo. Àwọn ẹbí ọkọ ní ìyàwó gbé ọmọ àwọn sá fún ogun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi já. Kí ó tó já, àǹtí mi ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pè mí jáde síwájú gbogbo ìjọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kí a yin Olúwa.

Ọdún yìí ni mo tó jẹ́wọ́ fún un. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń retí igbe. Kò kígbe.

"Mo gbọ́ ti aago kan, mo gbọ́ ti aago méjì," ó ní. "Mo ti mọ̀ kí n tó pè ọ́ lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà ọmọ mi ni kò wọlé mọ́. Mo rò pé wàá sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. O ò sọ. Mo pè ọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí o lè sọ ọ́. O ní ká yin Olúwa."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Èmi ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ọmọ mi ló kù. Èmi ni mo pè é lọ́jọ́ náà, torí náà èmi ló ń bínú sí láti ìgbà yẹn wá. Ó ní èmi ni mo tú ilé òun ká. Mi ò tíì fún un lésì."

Ìjọba tuntun náà ti di ti àtijọ́. Èmi náà ti kúrò ní rédíò. Ọmọ àǹtí mi ń rán aṣọ ní Àkúrẹ́, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi, ó ní kí n wọlé wá jókòó. Mo ní mo ń kánjú.