Òrùka Páànù Orí Pẹ́ńsùlù

Èmi ni mo pa ìlà náà rẹ́. Ọwọ́ mi ò ṣèèṣì. Mo rò pé ọ̀gá kékeré ló ṣàṣìṣe, inú mi sì dùn sí i.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀gá wa kórìíra òrùka páànù kékeré tó máa ń so ìrésà mọ́ orí pẹ́ńsùlù. Tí ọmọọṣẹ́ bá mú pẹ́ńsùlù tuntun wá, píláyà ló máa fi já orí ẹ̀ dànù lójú ẹ̀.

Á ní, "Kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi ni òyìnbó kan ti so nǹkan méjì yìí pọ̀, àtìgbà náà ló ti ń ba ọwọ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè parẹ́, ṣé ó máa fara balẹ̀ wọn igi?"

Ẹnì kan péré ló gbà láàyè: ọ̀gá kékeré, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ tán, tó kàn ń dúró de ọjọ́ fúrídọ̀mù ẹ̀, kó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sílẹ̀. Etí ló máa ń fi pẹ́ńsùlù náà há, páànù ẹ̀ á kọjú sí wa, á máa dán. N ò fẹ́ràn ẹ̀. Òun náà ò fẹ́ràn mi. Lọ́jọ́ tí mo tọrọ pẹ́ńsùlù náà, ó ní:

"Ìwọ tó sá kúrò ní JSS, kí lo fẹ́ fi ìrésà ṣe? Ìwé wo lo kọ tó fẹ́ parẹ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, bọ̀dá."

"N ò fi ẹ́ sílẹ̀. Gbálẹ̀!"

Mo bá ra tèmi nígbà tí wọ́n rán mi ní ìṣó, mo tọ́jú ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀.

Ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù la ń ṣe fún oníbàárà kan ní Gowon Estate, igi ọ̀gànwó gidi. Ọ̀gá kékeré to àwọn igi ìdábùú jọ, ó fa ìlà méjì sí etí wọn, ó lọ kírun Alásárì. Mo wo ìlà méjèèjì. Mo ní ó ṣì í wọ̀n ni, ó wá gbàgbé èyí tí kò dáa síbẹ̀. Mo pa ti ìta rẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé, "Bọ̀dá, mo ti bá yín tún un ṣe o."

Kó tó wọlé tán ló ti ta ìdọ̀tí pákó sí mi lẹ́sẹ̀. "O ò tíì gbálẹ̀, ọ̀lẹ!" Mo panu mọ́. Ìlà kan ló rí, ibẹ̀ ló gé.

Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó gbé igi kan. "Ahọ́n ẹ̀ dà?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìlà ti ìta ló fi àyè sílẹ̀ fún ahọ́n igi, èyí tó máa wọnú ihò.

"Ọ̀gá, mo fa ìlà ẹ̀," ọ̀gá kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ṣa ègé kan nílẹ̀, ó rí ojú ibi tí wọ́n ti parẹ́. "Ta ló ní ìrésà níbí?"

Gbogbo wa wo etí ọ̀gá kékeré, èmi náà wò ó.

"Mo fi Ọlọ́run búra, Ọ̀gá..."

"Má fi Ọlọ́run búra lórí igi mi! Òpùrọ́. Fúrídọ̀mù kẹ̀? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi kọ́." Ó yọ pẹ́ńsùlù létí ẹ̀, ó fi píláyà já orí ẹ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ káfíńtà wá bẹ Ọ̀gá, kò gbà. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ ò bá sì tú sílẹ̀, ẹgbẹ́ ò ní jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Títí di òní, iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń ṣe lábẹ́ ẹni tí kò dàgbà tó o, ní Ìgándò. Èmi ti gba fúrídọ̀mù tèmi.

Mo bá a pàdé láìpẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Ìkòtún.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá."

"Ta ni bọ̀dá ẹ? Kúrò níwájú mi."

Mo kúrò.

Ọ̀gá ṣì wà láyé. Ọ̀rọ̀ tí mo jẹ ọkùnrin yẹn ní gbèsè, iwájú Ọ̀gá ló yẹ kí n ti sọ ọ́, kí òun náà wà níbẹ̀ kó fetí ara ẹ̀ gbọ́. N ò tíì sọ ọ́.