Edé Inú Abọ́ Bàbá Mi

Kí rọpárọsẹ̀ tó mú bàbá mi, ọ̀sà Bàrígà ni ọ́fíìsì wọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n. Ẹni tó bá ní wọ́n mọ ọkọ̀ ojú omi wà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn, kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ladi-Lak, sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé onílé. Dókítà ní wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀. Wọn ò kàn sọ ọ́ ni. Tí mo bá béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, orí ni wọ́n ń mì sí mi.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Oníbàárà wa kan tó ń ta ẹja inú gíláàsì ní Palmgrove wá gba káàdì tá a bá a tẹ̀, ó sì fún mi ní nǹkan kan bí èlùbọ́ nínú ọ̀rá. Ó ní ẹyin edé ni, edé kéékèèké tó ń gbé inú omi iyọ̀, tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja.

Mo ní, “Èmi ò ní ẹja o.”

Ó ní, “Ẹ ṣáà dà á sómi iyọ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ máa gbádùn ẹ̀.”

Mo pọn omi sínú abọ́ gíláàsì, mo gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi. Mo bu iyọ̀ sí i. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n ti ìka bọ omi náà, wọ́n tọ́ ọ wò bí àwọn apẹja ṣe ń tọ́ omi ọ̀sà wò kí wọ́n lè mọ bí òkun ṣe wọ̀ ọ́ tó. “Ó kù díẹ̀,” ni wọ́n wí. Mo fi iyọ̀ kún un títí wọ́n fi ní ó tó, mo wá da ẹyin edé náà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ẹyin náà pa. Bí eruku ni wọ́n rí, àmọ́ eruku tó ń rìn. Tá a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ náà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa wọ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀ ni bàbá mi kígbe pè mí.

“Wá wò wọ́n! Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ikùn wọn wà lókè! Irú edé rádaràda wo nìyí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Mo sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu bàbá mi ò dákẹ́ mọ́. Yíìsì tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ni à ń fún àwọn edé náà jẹ, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú. Ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń bù ú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ ó dé orí abọ́. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Kẹrosíìnì ni àwa atẹ̀wé fi ń fọ íǹkì kúrò lọ́wọ́, imú wa ti kú sí òórùn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá mi ń sùn, mo rí ìdọ̀tí lójú omi, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti kó o. Èmi tí mo máa ń bú àwọn òṣìṣẹ́ mi nítorí àmì ìka kan ṣoṣo lára bébà! Mo rí òróró kẹrosíìnì ọwọ́ mi tó tẹ́ lójú omi. Mo fi ṣíbí gbọ́n ọn, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó di àárọ̀, bàbá mi tan tọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tó wá. Gbogbo wọn ti wà nísàlẹ̀.

“Kí ló pa wọ́n?”

“Bóyá ooru ni, Bàbá.”

Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. “Rárá o. Ọwọ́ yìí ni. Ó gbọ̀n lánàá, yíìsì yẹn ti pọ̀ jù.”

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn? Ìka mi wà lápò mi níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Bàbá,” mo wá ń ṣe bí ẹni tó láàánú. Ojú ló ń tì mí, kò sí nǹkan mìíràn.

Mo lọ gba ẹyin mìíràn wá ní Palmgrove. Bàbá mi kọjú sí ògiri.

“Má fi ẹ̀mí kankan sọ́wọ́ mi mọ́.”

Wọ́n ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ aṣọ ìbora. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé bá wọn na ọwọ́ náà kó lè ṣiṣẹ́ bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò yọ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún kúrò lẹ́nu wọn, orí ni wọ́n ń mì. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni màá jẹ́wọ́. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n tún lò láyé.

Ọjọ́ tí à ń wọṣọ fún wọn fún ìsìnkú, mo ní kí àwọn yòókù jáde díẹ̀. Mo di ọwọ́ ọ̀tún yẹn mú, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo wá ti ọwọ́ wọn bọ apá agbádá, nítorí wọn ò lè ti í bọ̀ ọ́ fúnra wọn.