Ìgbà Tí Ojú Kọ̀ǹpútà Yí Padà

Lópin àwọn ọdún 1990, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn ará Savalou. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, mo sì ti fi lẹ́tà ńlá sí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé ẹ̀dà Linux tuntun sórí ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ ń rí nǹkan kan níbẹ̀?"

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Àwọ̀ ti dàrú, lẹ́tà ti di wínníwínní.

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ojú yín."

Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀rù kí ojú òun má baà fọ́. Ètò àwọ̀ àti lẹ́tà àtijọ́ ló bá ẹ̀dà tuntun jà; mo pa á rẹ́, mo tún àwọ̀ àti lẹ́tà yàn títí ó fi ríran kàwé.