Ọ̀jọ̀gbọ́n, Ta Ni Obìnrin Inú Àwòrán Yẹn?

Ìyá Ìbéèrè ti kú. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló pa á. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè yé àwọn tó kàwé jù wá lọ: obìnrin tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ìdàgbàsókè, tó ń ṣèwádìí ìdí tí àìsàn kékeré fi ń pa tálákà, ni páànù tó ti dógùn-ún gé lẹ́sẹ̀, ló bá kú. Ilé ìwòsàn yunifásítì kò sì jìnnà sí yàrá rẹ̀. Téèyàn bá dúró lójú fèrèsé rẹ̀, á máa rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sá aṣọ ibùsùn.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, ògiri kan ló pín wa níyà. Àwa ará ilé la sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè, torí pé kò sí ohun tí kì í béèrè. Bó bá bá mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ọṣẹ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ò ra odindi? Ṣé ẹ mọ̀ pé wẹ́wẹ́ ló wọ́n jù?" Èmi náà á ní, "Àbúrò, lọ kàwé ẹ, jẹ́ n rójú fọṣọ." Á wá rẹ́rìn-ín títí á fi di ògiri mú. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti tọ́ ọ dàgbà. Ìgbà kan tí màmá wá kí i, ó bi í níṣojú mi pé, "Kí lẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?"

"Mọ́mì, à ń kọ́ bí ìṣẹ́ ṣe lè tán nílẹ̀."

"Ó dáa. Ṣé ó ti ń tán?"

"Ẹ ní sùúrù, a ò tíì kà á débẹ̀."

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Òun àti ìṣẹ́ kò pàdé rí o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bá a lọ kí i. Ìyá Ìbéèrè ló rán lọ sí àdúgbò inú àbàtà, pé kó máa wọlé kiri, kó máa bi wọ́n ohun tí wọ́n ń jẹ àti ìdí tí wọn kì í fi lọ sílé ìwòsàn. Omi ti bo ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló fi ń táràrà. Níbẹ̀ ni páànù ti gé e.

Òfin kan wà ní yunifásítì yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kì í jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ bí alábòójútó rẹ̀ kò bá ka ohun tó kọ, kó sì fọwọ́ sí i. Orí kẹrin àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n tipẹ́, ife tíì wà lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò ráyè. Ó ń lọ láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú kí àgbàlagbà wọ kóòtù, ó ń sọ fún ayé bí ebi ṣe rí. Bí wọ́n ṣe yọ orúkọ Ìyá Ìbéèrè nìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà wú, èjìká mi ló fara tì dé ilé ìwòsàn yunifásítì. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ó mi orí. "Àǹtí, orúkọ yín ò sí ńbí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan là ń tọ́jú."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."

"Ẹ ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n yín wá sọ bẹ́ẹ̀."

A pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìpàdé lòun wà, pé kó fọkàn balẹ̀, ọ̀la lòun ń bọ̀. A dúró de ọ̀la. Ọ̀la kọjá, a tún dúró. Nígbà tí màmá fi sáré dé láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lópin ìlú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti há gírígírí. Ìyá Ìbéèrè, tí kì í dákẹ́, kò lè la ẹnu béèrè omi.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Lẹ́yìn ìsìnkú, mo tẹ̀ lé màmá lọ kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé wọn, wọ́n gbé àwòrán kan kọ́, ó ga ju èèyàn lọ. Nínú rẹ̀, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga, ó gba bírò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ń fi ṣeré. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lóṣòó níwájú rẹ̀ nínú omi, ó ká aṣọ sókè, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún arúgbó. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: ÀWỌN TÍ À Ń ṢIṢẸ́ FÚN. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò, ó nawọ́ sí ẹni tó wà nínú omi.

"Ẹ wo obìnrin yìí," ló wí. "Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà, àmọ́ ẹ wo ìrètí lójú rẹ̀."

Màmá ní, "Ọmọ mi nìyẹn. Ó ti kú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Torí irú wọn la ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyá Ìbéèrè fi jókòó níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n! Kí ló ń wò nígbà náà? Ojú ta ló ń wò?

Mo pariwo, mo kọ̀wé sí yunifásítì. Wọ́n ní àwọn ti ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe ọ̀hún ni pé wọ́n fi abẹ gé Ìyá Ìbéèrè kúrò nínú àwòrán. Màmá lọ wò ó. Ó fi ìka tọ etí ibi tí wọ́n gé, ó ní, "Ẹni tó gé e ò mọ nǹkan gé. Ọwọ́ ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀." Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, lórí orúnkún arúgbó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, a ò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan, a ò sì fẹ́ ìgbìmọ̀ olùwádìí tẹ́ ẹ máa jẹ́ alága rẹ̀. Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ mú ọ̀gá yunifásítì dání, kẹ́ ẹ dáhùn lójú ìyá rẹ̀. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí tálákà? Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ló dé tí ilé ìwòsàn yín fi lé e? Tó bá jẹ́ tálákà, tẹ́ ẹ sì ní torí irú rẹ̀ lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, ibo lẹ wà nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há? Ẹ mú ọ̀kan.

Màmá ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Abẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ti ń ránṣọ báyìí, ó sì ní òun ò lọ síbì kankan títí ẹ ó fi dáhùn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbọ̀ngàn yẹn ní.