Òpó Di Rẹfirí

Àwa tá a jọ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọṣẹ la sọ ọ́ ní Òpó, kì í sì í ṣe orúkọ ìyìn. Nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, bí bọ́ọ̀lù bá fara kan igi ọwọ́ rẹ, tí wọ́n sì hán an lẹ́yìn rẹ kó tó kanlẹ̀, ó ti tán fún ọ nìyẹn. Ọmọlúàbí á yáa máa lọ kí rẹfirí tó na ìka sókè. Òpó kì í lọ. Gbogbo pápá á gbọ́ ọ "kọ́", á sì dúró gbagidi, á máa wojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbá bọ́ọ̀lù fún ẹkùn wa títí irun rẹ̀ fi funfun.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó di rẹfirí. Ẹ gbà mí! Ẹni tó yẹ ká máa ṣọ́ ló wá ń ṣọ́ wa. Ó fi àwòrán ara rẹ̀ kún ògiri pálọ̀ débi pé agogo kò ríbi kọ́. Bó o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ òtítọ́ àti òdodo ni á fi dá ọ lóhùn. Ó sú mi pátápátá.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin lẹ́yìnkùlé, mọ̀ ọ́n gbá ju bàbá lọ fíìfíì. Òun kì í dúró de ìka ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan, àyè ẹnì kan ló ṣófo nínú ikọ̀ ẹkùn, ìdíje ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n sì máa fi mọ ẹni tí wọ́n á mú. Ta ni rẹfirí? Òpó. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ náà ti wọlé, ṣebí bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí Òpó, ó sì gún un lára.

Ọmọ náà ń gbá a lọ dáadáa. Ni bọ́ọ̀lù kan bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ hán an, ó sì kígbe bi rẹfirí bóyá ó kan igi. Igbe ọ̀hún kò tiẹ̀ le. Kíá, ìka Òpó ti wà lókè.

Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù ọ̀hún gan-an ló sáré wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò kan igi o. Ṣòkòtò rẹ̀ ló kàn. Ẹ jẹ́ kó padà."

"Ìka tèmi kì í padà."

Ọmọ náà wò ó lójú. "Bàbá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò kàn án."

"Mi ò lọ́mọ nínú pápá. Máa lọ!"

Ó lọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú.

Mo bá wọn délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó Òpó ò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. "Bàbá ẹ̀, ṣé ẹ gbọ́ ọ tó kàn án?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá na ìka?"

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní olójúsàájú ni?"

Inú bí mi débi pé mi ò lè mu omi tí wọ́n gbé fún mi. Ẹni tí kì í jáde bó bá tiẹ̀ kàn án, òun ló lé ọmọ tí kò kàn án jáde, nítorí kí aráyé lè yìn ín. Mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Aráyé sì yìn ín lóòótọ́. Àwọn aláṣẹ eré gbé e lọ síbi ìdíje ńlá. Ọmọ náà kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò pè é ní bàbá mọ́. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ káàárọ̀, rẹfirí." Ìyá rẹ̀ á bú sẹ́kún nínú yàrá. Òpó sì ń yangàn káàkiri àdúgbò pé ọmọ òun ti wá mọ iyì òun.