Ọjọ́ tí mo kó ẹrù ìyá mi síta

Ìyá mi ní ikọ́ fée. Ẹni tó bá mọ àìsàn yẹn á mọ̀ pé òun àti eruku kì í gbé ilé kan náà. Nígbà tí káfíńtà sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la wá ṣí páànù ilé wa ní Ìbà, kí òun sì fọ́ gbogbo sílìn, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kí màmá ti kúrò níbẹ̀ kí òòlù àkọ́kọ́ tó dún.

Ìyàwó mi ní kí n ní sùúrù kí màmá kọ́kọ́ dé láti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Okokomaiko. Sùúrù kẹ̀? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ yunifásítì, ṣé èmi ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ ilé mọ́? Mo gbé àpótí jáde. Mo kó ìkòkò, àwo tánganran, odó tó bá màmá wá láti Èkìtì, àti agboòrùn bàbá mi tó ti di olóògbé. Mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá, mo tú aṣọ lé e kí oòrùn lè ràn sí wọn.

"Dádì," ìyàwó mi ní, "bí nǹkan yìí ṣe rí ò tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ní kó bá mi gbé ìrọ̀rí.

Màmá wọlé láti ẹnu géètì. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo aṣọ tó tẹ́ rẹrẹ, wọ́n wá wo èmi tí mo fi agboòrùn bàbá mi tilẹ̀.

"Ìgbà wo ni mo kú?"

Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹrù àgbà kì í rí bẹ́ẹ̀ yẹn láàárín àgbàlá àfi tí wọ́n bá ti sin ín tán, tí ẹbí ń pín ogún.

"Màmá, torí eruku ni. Ẹ jọ̀ọ́."

"Eruku ló ní kó o tú àpótí mi? Kó gbogbo ẹ̀ wọlé. Inú yàrá mi ni n óò wà lọ́la àti lọ́túnla. Kí káfíńtà wá bá mi níbẹ̀."

Wọ́n jókòó lé àpótí. Mo bẹ̀bẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀, màmá ń wo iwájú bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì ní Ìyànà Ìbà. Nígbà kan rí tí wọ́n kàn ha ògiri pálọ̀ lásán, ọsibítù ni màmá sùn.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá aládùúgbò wa fi dé, ará Ọ̀yọ́ tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń yí ẹrù ká bí oníbàárà.

"Ìyá Èkìtì, tó bá jẹ́ ogún lẹ ń pín, odó yìí ni tèmi. Kò jẹ́ kí n sun oorun ọ̀sán rí."

"Kí lará Ọ̀yọ́ fẹ́ fi odó ṣe? Iyán yín, kókó ni tòkètilẹ̀."

"Ẹ wá kọ́ mi nígbà náà. Ilé mi lẹ máa ti kọ́ mi o. Orí mi le, kò lè yé mi lọ́jọ́ kan."

Màmá gbìyànjú láti di ẹ̀rín mú, ó já mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n dìde.

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ ogún ni, èmi fúnra mi ni n óò pín in, kí ojú mi rí i."

Àwo tánganran àti aṣọ sányán lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mi, tí kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀. Odó lọ sílé kejì. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Tísà, gba agboòrùn bàbá rẹ. Pẹ̀lú bí ilé yìí ṣe ń jò, inú pálọ̀ ló yẹ kó o ti máa lò ó."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tó kù fún màmá ò ju báàgì kan lọ. Wọ́n ki ìrọ̀rí sí abíyá, wọ́n tẹ̀lé odó wọn. Títí tí páànù tuntun fi gun orí ilé, bí òòlù ṣe ń dún lọ́dọ̀ wa ni odó ń dún lódìkejì fẹ́ǹsì, ikọ́ kankan ò sì dún láàárín wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jogún tó jẹ́ pé sàréè ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èmi rí ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún lórí iyẹ̀pẹ̀, ó sì dá mi lóhùn.

"Dìde," màmá ní. "Irùngbọ̀n rẹ ti kún fún yanrìn."