Ọkọ̀ tí kì í mu epo já wa kulẹ̀ ní Ọ̀wẹnà

Wọ́n ti bo sàréè kí n tó dé Oǹdó lónìí.

Èmi àti Ìyá Tósìn jọ ṣe tíṣà nílé-ìwé kan náà títí a fi fẹ̀yìn tì. A ti bára wa ṣàdéhùn: ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò ka Bíbélì níbi ìsìnkú ẹnì kejì.

Olóyè, aládùúgbò mi l'Ákùúrẹ́, ló ní òun á gbé mi lọ. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ tuntun rẹ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ iná ò dúró rí ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yìí.

"Tíṣà, ọ̀làjú lẹ jókòó sí yìí o!"

Ọ̀làjú kú sí Ọ̀wẹnà.

A fẹsẹ̀ rìn dé ilé epo mẹ́ta. Kò sí èyí tó ní ibi tí wọ́n ti ń fi iná sọ́kọ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ló ṣàánú wa.

"Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, iná ni ò sí. Tó bá sì dé, ẹja mi ló máa kọ́kọ́ gbà á."

Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọjọ́ iwájú fún un.

"Ẹ jẹ́ kí ẹja mi dé ọ̀la ná, sà."

Mo bá gun ọ̀kadà.

Ọkọ Ìyá Tósìn di ọwọ́ mi mú lẹ́bàá sàréè. "A dúró dè yín títí. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí ló padà kà á."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ̀yin ì bá sọ fún un?